Oògùn ọpọlọ sọ mí di ọlọ́ràá, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni mo wà. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo olanzapine lálaalẹ́. Ká sọ tòótọ́, oògùn náà ṣiṣẹ́: àwọn ohùn tí mo ń gbọ́ ti dákẹ́, mo sì ń sùn. Àmọ́ kílò 61 ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti di 78 báyìí.

Ebi rẹ̀ kì í ṣe ebi lásán. Mo lè jẹ àmàlà mẹ́ta pẹ̀lú gbẹ̀gìrì láago méje alẹ́, tó bá fi máa di mẹ́wàá, mo ti wà nídìí ìkòkò tí mò ń fìka lá ewédú. Bùbá tí mo rán lọ́dún tó kọjá kò gba apá mi mọ́. Màámi ní àlàáfíà ló ń hàn lára mi!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n jáwọ́ nínú oògùn o. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ojú mi rí màbo. Mo gbọ́ pé dókítà lè fi metformin, ìyẹn oògùn àtọ̀gbẹ, kún un, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ sí aripiprazole, tó jẹ́ oògùn ọpọlọ mìíràn. Ta ló ti lò wọ́n rí? Báwo ni mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú dókítà tí kì í fún mi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ? Ebi òru yẹn ńkọ́, kí lẹ fi ń pa á yàtọ̀ sí gààrí?