Kásẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà: báwo ni mo ṣe lè kó o sínú kọ̀ǹpútà láìpa ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bàbá mi fi páálí kásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀, mọ́kànlá ni mo kà nínú rẹ̀. Fújì tí wọ́n rà lọ́jà ló pọ̀ jù, ìyẹn ò ká mi lára, mo ń rí wọn lórí YouTube. Èyí tó ká mi lára ni oníṣẹ́jú 90 kan tí wọ́n fi bírò pupa kọ "Òkú Bàbá, 1987" sí. Ọjọ́ ìsìnkú bàbá àgbà ni. Wọ́n gbé rẹ́kọ́dà sórí àga nínú àgbàlá, ìyá àgbà ń kì wọ́n, onígángan àti onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gbè é.

Mo gbé e lọ sí ìsọ̀ kan n'Íbàdàn lóṣù tó kọjá, mo san náírà 3,000. MP3 tí wọ́n fún mi mọ́ tónítóní. Ariwo "ṣìì" ti lọ, àmọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá a lọ! Ohùn màmá wá dà bíi ti ẹni tó wà nínú ìkòkò. Mo fẹ́ ṣe é fúnra mi báyìí. Mo ní láptọ́ọ̀pù àlòkù, mo sì ti yá rẹ́kọ́dà kan lọ́wọ́ àbúrò ìyá mi. Ṣé kí n kàn gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà rẹ̀ ni?

Wáyà Tín-ín-rín

Fóònù kẹ̀? Adìẹ àdúgbò yín náà á wọ inú ẹ̀. Ra wáyà olórí méjì, ki ọ̀kan bọ ihò earphone rẹ́kọ́dà, ki ìkejì bọ "line in" láptọ́ọ̀pù. Bó bá jẹ́ ihò mic nìkan ló ní, fi í sílẹ̀, ohùn á ya. Ẹ̀rọ USB kékeré tó ń gba ohùn wọlé wà lọ́jà. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, ni kó o fi gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Fi sí 44100 Hz, kó o sì tọ́jú ẹ̀ ní FLAC. MP3 máa ń gé ohun tó bá rò pé etí ò ní gbọ́ dànù, kò sì sí bó o ṣe máa rí i gbà padà. FLAC ò gé nǹkan kan. WAV, ìyẹn fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀, ń gbà tó mẹ́gábáìtì 10 fún ìṣẹ́jú kan, FLAC á dín in kù sí bí ìdajì.

Kó o tó tẹ ohunkóhun, wo etí kásẹ́ẹ̀tì náà lókè. Bí eyín ike kékeré méjì bá ṣì wà níbẹ̀, ṣẹ́ wọn. Bọ́tìnì pupa tó ń gba ohùn tuntun lé ti àtijọ́ lórí ò ní lè wọlẹ̀ mọ́, bí ọwọ́ ẹ tiẹ̀ ṣèèṣì kàn án.

Bàbá Sípíkà

Ọmọ mi, ohun tó jẹ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní noise reduction. Wàá fi ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀ hàn án, á ní "ariwo nìyí", á wá máa yọ gbogbo ohun tó bá jọ ọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ lára akèrègbè àti "ṣìì" tépù, ìbejì ni wọ́n létí kọ̀ǹpútà. Fi ariwo sílẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ nù ún, ẹ̀dà ni kó o nù.

Fi spirit àti òwú nu irin tí tépù ń gbà kọjá, títí òwú ò fi ní dọ̀tí mọ́. Síkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà. Máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí orin bá ti ń lọ. Ibi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ti mú jù ni kó o dúró. Kó o sì yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, bátìrì ni kó o fi gbà á: iná wa, 50 Hz ni, ó máa ń bá wáyà wọlé, á máa kùn bí oyin.

Dùndún Orí Ẹ̀rọ

Mo fi Spleeter, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Deezer gbé jáde ní 2019, ya ohùn orin kúrò lára ìlù nínú fídíò ìkómọ wa. Gángan ló kó mọ́ ohùn ènìyàn! Ó gbọ́ bó ti ń fọhùn, ó ní ènìyàn ni. N ò tilẹ̀ lè bá a jà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Sípíkà. Síkúrù yẹn! Bí mo ṣe yí i báyìí ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jáde wá, bí ẹni ṣí fèrèsé. Mo gba ojú méjèèjì tán lánàá, mo gbé earphone sí ìyá mi létí. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èyí kì í ṣe ohùn ìyá ọkọ àwọn, ti àbúrò wọn tó ń dín àkàrà ni. "Opó ni ìyá àgbà lọ́jọ́ yẹn, inú yàrá ni wọ́n wà. Ta ló máa jẹ́ kí wọ́n jáde wá kọrin lágbàlá?" Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ìyá àgbà gan-an wà nínú kásẹ́ẹ̀tì funfun kan, ti ìsọmọlórúkọ mi. Èyí tí tépù rẹ̀ já sì ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń so ó?

Wáyà Tín-ín-rín

Má fi sẹ́lótéèpù so ó o, gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń yọ́, á lẹ̀ mọ́ irin. Splicing tape, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún síso tépù, ni kó o wá. Fi abẹ gé ẹnu méjèèjì kí wọ́n ṣe déédéé, fi wọ́n ko ara wọn láìjẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tí kì í kan irin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó o gbé e gba ẹnu rẹ́kọ́dà, kí Audacity sì ti máa gbà á sílẹ̀ kó o tó tẹ play.