Ta ló mọ ibi tí àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí ti ń pàdé n'Íbàdàn?

Àdùnní Mọ́kọ́lá: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Okùnrin kan ládùúgbò wa ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọtí ti di bárakú fún òun, òun sì fẹ́ jáwọ́. Níbo làwọn bẹ́ẹ̀ ti ń jókòó sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn? Báwo lèèyàn ṣe ń rí wọn?

Ọmọ Òkè-Àdó: AA (Alcoholics Anonymous), ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, ni kẹ́ ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn rí àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wọ Micra lọ. Ẹgbẹ́ lè ti kó kúrò níbẹ̀, kí àdírẹ́sì wọn má sì yí padà. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ọjọ́ wo lẹ pàdé kẹ́yìn? Aago mélòó lẹ bẹ̀rẹ̀ gan-an? Ṣé ẹni tí kì í ṣe ọ̀mùtí lè wọlé? Ìpàdé tó ṣí sílẹ̀ wà, èyí tó wà fáwọn tó fẹ́ jáwọ́ nìkan náà wà. Tí kò bá sẹ́ni tó gbé fóònù, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH, kẹ́ ẹ béèrè àwọn social worker, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ló sábà máa ń mọ ẹgbẹ́ tó ṣì ń pàdé.

Nọ́ọ̀sì Agodi: Àǹtí Àdùnní, ẹ dúró ná. Ṣé ojoojúmọ́ ló ń mu ún? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ kó tó fẹnu kan ọtí? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó má ṣàdéédé dá a dúró nílé. Láàárín wákàtí 6 sí 24 ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òógùn á bò ó. Gìrì lè gbé e kí wákàtí 48 tó pé. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kó máa sọ kántankàntan. Ìyẹn ń pààyàn. Dókítà ló máa fún un lóògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, tó sì máa gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i lára. Ìpàdé kì í wo gìrì.

Táíwò Ṣáńgò: Ṣé wọ́n ń gbowó?

Ọmọ Òkè-Àdó: Rárá. Wọ́n á gbé àpò yí ká, ẹni tó bá wù á fi nǹkan sí i. Ọdún 1935 ni wọ́n dá AA sílẹ̀ ní Akron, l'Amẹ́ríkà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé ni pé kó fẹ́ jáwọ́.

Ìyá Ìbejì: Kí wọ́n po àgbo tó ń fọ inú fún un ná.

Nọ́ọ̀sì Agodi: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?

Ìyá Ìbejì: Ògógóró ni, ṣùgbọ́n oògùn nìyẹn, kì í ṣe ọtí.

Kọ́lá Ojóò: Ẹ má bínú, Màmá, ọtí ni. Ọtí inú ọ̀rá 30ml tó jẹ́ 40%, nǹkan bíi gíráàmù 9.5 ọtí gidi ló wà nínú rẹ̀. Ìgò bíà 60cl tó jẹ́ 5%, nǹkan bíi 24. Ọ̀rá méjì ààbọ̀ ti tó ìgò bíà kan. Ife àgbo jẹ̀dí ọlọ́tí láàárọ̀ àti lálẹ́ kò yàtọ̀ sí paraga.

Nọ́ọ̀sì Agodi: Tí dókítà bá sì ti fún un ní disulfiram, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara gba ọtí, tó bá wá mu àgbo ọlọ́tí, ojú á pọ́n, á máa bì, àyà á máa lù kìkì. Kódà tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó lò ó kẹ́yìn, ó ṣì lè ṣẹlẹ̀.

Alhaja Bẹẹrẹ: Èyí tí n kò fara mọ́ nínú ìpàdé AA ni kéèyàn dìde láàárín èrò pé "ọ̀mùtí ni mí." Ẹnu ẹni kọ́ la fi ń sọ ara ẹni lórúkọ burúkú.

Kọ́lá Ojóò: Alhaja, kò sẹ́ni tó ń fipá mú un. Ó lè ní "mo fẹ́ fi ọtí sílẹ̀," tàbí "mo wá gbọ́ ni lónìí." Tí wọ́n bá ń ka àdúrà Onígbàgbọ́ níparí, Mùsùlùmí lè dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Alhaja Bẹẹrẹ: Ìyẹn dáa. Síbẹ̀, orúkọ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ Òkè-Àdó: Tí kò bá sí èyí tó sún mọ́ yín, ó wà lórí Zoom. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni kó kọ, kó pa kámẹ́rà kí dátà má baà tètè tán. Kó ṣọ́ aago o, tó bá jẹ́ ìpàdé Amẹ́ríkà ló fẹ́ wọ̀: mẹ́jọ alẹ́ New York, aago kan òru ni lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, méjì òru nígbà òtútù. Ọ̀sán gangan tiwọn ló dáa jù, ìyẹn márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ jáwọ́ náà sì lè dá tiwọn sílẹ̀: yàrá kan, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, wákàtí kan. Ẹ má yí ọjọ́ padà, nítorí ẹni tó bá wá tó bá ilẹ̀kùn ní títì lè má padà wá mọ́.

Táíwò Ṣáńgò: Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?

Kọ́lá Ojóò: Al-Anon, ẹgbẹ́ àwọn ẹbí ọ̀mùtí, ni tiwọn, láti 1951. Tí ọkọ bá kọ̀ tí kò lọ, ìyàwó ṣì lè lọ.

Àdùnní Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀, Nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì Agodi: UCH lọ́la, kẹ́ ẹ tó wá ìpàdé. Ẹ kọ iye tó ń mu lójúmọ́ àti aago tó mu ún kẹ́yìn sínú ìwé, kẹ́ ẹ mú un dání. Kó má dá a dúró lálẹ́ òní.

Ìyá Ìbejì: Àgbo tí wọ́n fi omi sè ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Agodi: Màmá, kó sọ fún dókítà ná kó tó fẹnu kàn án.