Kọ́ìlì tí mo wé lódì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ní ká sọ àṣìṣe tá a ti ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́; èmi náà ní tèmi.

Kọ́ìlì, ìyẹn waya tí wọ́n wé ní òrùka, tí wọ́n ń gbé lé orí aláìsàn, tí òòfà rẹ̀ ń ta ọpọlọ jí, ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú òyìnbó níbí. Èyí tí Anthony Barker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi mú ọwọ́ èèyàn ta ní Sheffield lọ́dún 1985, róbótó ni. Róbótó kì í mọ ojú ibì kan. Gbogbo ọpọlọ tó wà lábẹ́ òrùka náà ló máa ń kàn. Ìgbà tí Ueno gbé èyí tó rí bíi 8 jáde ní Japan lọ́dún 1988 lọ̀rọ̀ yí padà: òrùka méjì fẹ̀gbẹ́ kanra, agbára wọn pàdé láàárín.

8 yìí ni wọ́n ní kí n wé. Mo wé ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, mo wé òsì lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, waya bàbà bó àtàǹpàkò mi.

Ọjọ́ ìdánwò (kì í ṣe lórí ẹnikẹ́ni o!), mo so òrùka waya kékeré mọ́ ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná, mo gbé e nàró sábẹ́ kọ́ìlì. Ní ẹ̀gbẹ́, ìlà ń fò sókè. Láàárín gan-an, níbi tó yẹ kó ti le jù, ó tẹ́ bí ẹní. Mo pààrọ̀ waya. Mo di ẹ̀bi ru kàpásítọ̀ tó ń tọ́jú iná fún un. Bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ kàn wò ó, ó ní, "Ọ̀nà wo lo yí sí nígbà tó o dé apá kejì?"

Háà! Méjèèjì ni mo wé bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Níbi tí wọ́n ti pàdé, iná ti ọ̀tún ń gòkè, ti òsì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan lóde.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé n kò tíì da gọ́ọ̀mù líle lé e. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpíà iná ló ń gba ibẹ̀ kọjá kí ojú tó ṣẹ́. Waya tí kò bá dì dáadáa á máa ta kúrò nípò. Mo tú apá òsì, mo tún un wé sí òdìkejì. Ìlà àárín fò kọjá ti ẹ̀gbẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Abẹ́ irú kọ́ìlì yẹn lèmi jókòó sí l'Amẹ́ríkà nítorí ìsoríkọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí lórí mi tí àtàǹpàkò mi á fi ta. Tí nọ́ọ̀sì bá sún kọ́ìlì díẹ̀ báyìí, àtàǹpàkò á dákẹ́. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Àkókó ń sọ igi ni, àfi kéèyàn di etí! Kí ló dé tó fi máa ń gbóná?

Ìdáhùn: Àbúrò, iná tó ń fipá gba inú waya ni. Afẹ́fẹ́ tàbí omi ni wọ́n fi ń mú kí àwọn kọ́ìlì kan tutù. Tèmi kò ní ìkankan. Tó bá ti gbóná, mo máa ń lọ jẹun ni.