Abọ́ ẹja tí orí gbà, kí ló dé tí apá kò gbà á?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Bí mo bá ru abọ́ ẹja tí ó tó kílò 10 láti etí omi dé ìsọ̀ mi, kì í ni mí lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ yẹn kan náà síwájú kí n lè gba àárín àwọn àtẹ kọjá, ìgbọ̀nwọ́ mi ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí ní ìhà òde, ìrora náà a sì máa bá mi sùn. Ọmọ mi tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì sọ pé ọ̀nà tó jìn ló fà á. Mo bi í pé ọ̀nà wo ló jìn nínú ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe?

Tíṣà: Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Ọmọ yín kò parọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà ọjà ni ó ń sọ, bí kò ṣe ọ̀nà tí ó wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ yín àti àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wo apá bí igi tí a fi ń gbé nǹkan wúwo: ìgbọ̀nwọ́ ni ibi tí ó ti ń yí, iṣu ẹran apá, èyí tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi ń fọ́nnu, ni ó sì ń fà á. Ibi tí iṣan rẹ̀ ti so mọ́ eegun kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí ìgbọ̀nwọ́, nígbà tí ẹrù wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35. Nítorí náà, bí ẹ bá ká apá tí kílò 5 sì wà ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, iṣu ẹran náà yóò fà bí ẹni tí ń gbé kílò 35, láì tíì ka ìwúwo apá fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ti orí yàtọ̀: ìwúwo abọ́ ń gba ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ tààrà, iṣan ọrùn kàn ń mú un dúró kí ó má baà yẹ̀ ni.

Apẹja Etí Ọ̀sà: Ẹ má bínú, Tíṣà, ó kọ́kọ́ jọ mí lójú pé wọ́n so iṣan náà mọ́ ibi tí kò yẹ, àfi ìgbà tí mo rántí àjẹ̀ mi. Ọwọ́ òkè ń di orí rẹ̀ mú, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ń fà á. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ọwọ́ ìsàlẹ̀ bá rìn, ẹsẹ̀ àjẹ̀ tó wà nínú omi á ti rìn jìnnà. Agbára ni a fi ra ìyára.

Olùtọ́jú Oríkèé: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrora ìhà òde kì í sábàá jẹ́ ti iṣu ẹran tí Tíṣà ń sọ. Eegun mẹ́ta ló pàdé ní ìgbọ̀nwọ́, kèrékèré sì bo orí wọn kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Ìhà òde yẹn gan-an ni àwọn iṣan tí ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá di etí abọ́ mú tí ẹ̀yìn ọwọ́ kọjú sókè, àwọn ni wọ́n ń jìyà. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ abọ́, kí ẹ fà á mọ́ àyà, kí ẹ sì gbé ìdajì lẹ́ẹ̀kan. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá wú, tàbí tí ìka tó kéré jù bá ń kú bí ẹni pé kì í ṣe tiyín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé òun ló jàre. Mo fa abọ́ mọ́ àyà láàárọ̀ yìí. Ìgbọ̀nwọ́ kò ro mí, àmọ́ omi ẹja rin aṣọ mi gbindin. Ike tó ní ìdérí ni mò ń wá báyìí.