Ẹni tó bá ti mọ obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta
Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́rìndínlógún lóṣù tó kọjá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ti ń gbé e láti Àkúrẹ́ lọ gbá gọ́ọ̀fù ní Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín. Èmi rò pé wọ́n kàn lọ ń gba atẹ́gùn ni. Lọ́jọ́ Sunday ló sọ fún mi pé òun fẹ́ di pró, iṣẹ́ tóun máa ṣe nìyẹn. Bàbá ẹ̀ ò tíì gbọ́. Ẹni tó bá mọ obìnrin tó ti gba ọ̀nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú ẹ̀ rí?

Bàbá Pẹ́nṣàn
Kó lọ kàwé.

Káádì Àtijọ́
Mọ̀mí, ẹ wá nǹkan jókòó lé, tèmi máa gùn díẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe káádì, ẹni tó ń ru báàgì igi gọ́ọ̀fù, fún obìnrin kan. Orí bráùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí eré yìí mọ̀ ọ́n: iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ló yí ihò ká, kì í ṣe koríko. Bẹ́ ẹ bá ti gbá tán, káádì á wọ́ ẹní lórí ẹ̀ kí ojú ẹsẹ̀ lè parẹ́. Lórí iyanrìn yẹn, ọ̀gá ni obìnrin yìí. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, kó! Ó ti wọlé.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ lọ sí pápá tó jẹ́ koríko ni wọ́n gé kanlẹ̀, ẹ̀sín dé. Bọ́ọ̀lù ń sáré kọjá ihò bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ihò kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fi putter, igi tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, tì í kó tó wọlé. Ó wojú mi, èmi ń wo bàtà mi. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ọwọ́ ẹ̀ tó rọ̀ padà.

Àmátọ̀ ni nígbà yẹn, ìyẹn ẹni tí ò tíì sọ eré yìí di iṣẹ́, kò gbọdọ̀ gba owó. Bó bá gba ipò kìíní, blẹ́ńdà ni wọ́n máa gbé fún un. Blẹ́ńdà mẹ́ta ló wà nílé ẹ̀, iná ò sì sí ládùúgbò.

Sísí Ìjàpọ̀
Blẹ́ńdà mẹ́ta 😂😂 ó yẹ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù ata lílọ̀.

Bàbá Pẹ́nṣàn
Èwo tiẹ̀ ni eré nínú kéèyàn máa rìn kiri inú koríko? Àwa náà rìn lọ sóko, ẹnikẹ́ni ò fún wa ní blẹ́ńdà.

Káádì Àtijọ́
Bàbá, igi ìgbábọ́ọ̀lù 14 ló ń wà nínú báàgì yẹn. Ẹ gbé e kọ́ èjìká, kẹ́ ẹ rìn yí ihò 18 ká nínú oòrùn oṣù kejì. Bẹ́ ẹ bá padà délé, ẹ wá pè é ní ìrìn oko.

Ọmọ Ọba-Ilé
Ẹ jẹ́ n sọ ti àbúrò ìyá mi, òun náà ń gbá a. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì nìkan ni ẹni tó bá ń fọwọ́ ọ̀tún gbá a ń wọ ìbọ̀wọ́ sí? Ọdọọdún nínú oòrùn, ọwọ́ ọ̀tún ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ọwọ́ òsì pupa fòò, láti ọrùn ọwọ́ ló ti pààlà. A wá lọ síbi ìsìnkú kan. Ó ń fọwọ́ ọ̀tún jẹ iyán lọ, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Bó ṣe gbé ọwọ́ òsì sókè kó tún gèlè ẹ̀ ṣe báyìí, tábìlì wa dákẹ́. Ìyá kan bá sọ̀rọ̀ sétí ìkejì ẹ̀, mo gbọ́ o: "Ẹ̀yí náà ń bóra. Àfi bíi pé owó ìpara ọwọ́ kan ló ní."

Sísí Ìjàpọ̀
Háà! Owó ìpara ọwọ́ kan!! Mo ti kú.

Ìyàwó Olùṣọ́
Ṣé wọn ò gbàdúrà fún un?

Ọmọ Ọba-Ilé
Ìyàwó pásítọ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ Sunday, ó ní Ọlọ́run ò ṣe àṣìṣe nígbà tó fún wa láwọ̀. Àǹtí ní kó bá òun ra ìbọ̀wọ́ ọ̀tún.

Tísà Eré Ìdárayá
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ mọ̀mí. Lydia Ko, ọmọ New Zealand, ọdún 15 péré ni nígbà tó gba Canadian Women's Open ní 2012. Kò gba kọ́bọ̀, torí àmátọ̀ ni. Inbee Park tó ṣe ìkejì ló gbowó lọ. Lydia tún gba ife kan náà ní 2013, òfo ọwọ́ náà ló tún jáde. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn ló di pró.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta
Ẹ̀ẹ̀mejì! Ìyá ẹ̀ ní sùúrù o.

Atúnṣe
Àtúnṣe díẹ̀ sí ti Káádì. Láti 2022, àmátọ̀ lè gbowó, kó ṣáà má ju 1,000 dọ́là lọ. Àmọ́ ìyẹn jẹ́ níbi ìdíje tí wọn ò ti yọ hándíkápù. Níbi tí wọ́n bá ti yọ ọ́, blẹ́ńdà ṣì ni.

Ìyàwó Olùṣọ́
Kí ni wọ́n ń pè ní hándíkápù?

Atúnṣe
Iye tí wọ́n ń bá ẹni tí ò tíì mọ̀ ọ́n gbá yọ kúrò nínú iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù, kó lè bá ọ̀gá figagbága. 54 ló pọ̀ jù.

Bàbá Pẹ́nṣàn
Èmi á nílò gbogbo 54 yẹn.

Sísí Ìjàpọ̀
Bàbá ti ń rọ̀ o 😂

Káádì Àtijọ́
Ibi tí mo dé rèé kí wọ́n tó fọwọ́ aláwọ̀ méjì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Obìnrin wa di pró. Owó mọ́tò, owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó tèmi, àpò ara ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti jáde. Ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n já a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Pró tí wọ́n bá ti já sílẹ̀ báyẹn, òfo ni. A ò sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí a fi dé Oǹdó. Ibẹ̀ ló ti ra bọ̀ọ̀lì, ó fún mi ní ìlàjì, ó ní, "Tó bá jẹ́ àná ni, mi ò bá ti gba blẹ́ńdà."

Mọ̀mí, ohun tó ń bọ́ ọ báyìí ni àwọn tó ń kọ́. Àmátọ̀ ò gbọdọ̀ gbowó kọ́ èèyàn, pró lè gbà á. Ìdíje ṣì ń lọ, àmọ́ ẹ̀kọ́ ló ń san owó ilé.

Tísà Eré Ìdárayá
Kó sì mọ òfin dunjú o! Michelle Wie di pró ní 2005, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún 16. Ìdíje àkọ́kọ́ ẹ̀, ipò kẹrin ló wà, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbi tó sún mọ́ ihò ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ti fọwọ́ síwèé tí wọ́n kọ iye tó gbá sí.

Ìyàwó Olùṣọ́
Torí ìṣísẹ̀ kan? Ìkà ni wọ́n.

Ọmọ Ọba-Ilé
Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ òfin. Kíláàbù kan tí àǹtí mi lọ, wọ́n ní àwọn ọkùnrin ló ni àárọ̀ Saturday, káwọn obìnrin dúró di ọ̀sán. Oòrùn ọ̀sán yẹn gan-an ló kun ọwọ́ ẹ̀.

Tísà Eré Ìdárayá
Georgia Oboh náà wà ńbẹ̀ o. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ Ladies European Tour, ìdíje àwọn obìnrin pró ní Yúróòpù. Mọ̀mí, ẹ fi han bàbá ẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ọwọ́ òsì ọmọ yìí níbi tó sùn sí. Ó ti pààlà lóòótọ́! Ọṣẹ ni mo ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí. Bàbá ẹ̀ á gbọ́ lọ́la.

Sísí Ìjàpọ̀
Káádì, blẹ́ńdà kẹta yẹn, ṣé ó máa tà á?

Káádì Àtijọ́
Ó ti wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ ẹ̀.