Ṣé kí n tún àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án sí Monica Mímọ́ bẹ̀rẹ̀ ni?
Ẹ̀yin ará nínú Ìjọ Àgùdà, mo kí yín. Láti ìgbà tí ọmọ mi ọkùnrin ti kẹ̀yìn sí ìgbàgbọ́ ni mo ti mú Monica Mímọ́ ní alágbàwí, nítorí òun náà sunkún fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí Augustine ọmọ rẹ̀ kí ó tó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 387. Ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ni mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà, kí n lè parí rẹ̀ ṣáájú àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 27, ṣùgbọ́n oorun gbé mi lọ ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, tí àwòrán rẹ̀ kékeré tí etí rẹ̀ ti gbó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ni, àbí kí n gba ti ọjọ́ méjèèjì pọ̀?