Ta ló lè kọ́ wa ní gìtá kwassa kwassa l'Ákùúrẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. "Cape Cod Kwassa Kwassa" tí ẹgbẹ́ Vampire Weekend ti New York gbé jáde ní 2008 ni ìyàwó kan ní ká bá òun kọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun. Ijó àwọn ará Kóńgò ni kwassa kwassa, gìtá orin náà sì fẹ́ ọwọ́ fífúyẹ́. Jùjú ni onígìtá wa mọ̀ ní tiẹ̀, ó ń fà á lọ sọ́dọ̀ Ebenezer Obey ṣáá. Onígángan ló tún wá burú jù: kí gìtá tó dún tán, ó ti ń ki bàbá ìyàwó! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà nítòsí Ọjà Ọba tàbí FUTA tó lè fọwọ́ gìtá yẹn hàn wá? Ṣé gángan tiẹ̀ lè bá a lọ, àbí ká fi mọ sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀?